Bí A Ṣe Lè Dá Igi Orógbó Padà Sórí Ilẹ̀ Wa



Láìpẹ́ yìí, wọ́n sọ ọmọ kan lórúkọ nínú ẹbí wa ní Awa. Oyin wà níbẹ̀, iyọ̀ wà, obì àti ataare wà. Nígbà tó kan orógbó, wọ́n ní ká ṣe sùúrù díẹ̀, pé ọmọkùnrin kan ti gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó láti lọ rà á. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, àmọ́ inú mi ò dùn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igi orógbó mẹ́ta ló wà lóko bàbá mi àgbà nìkan. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù báyìí, akọ sì ni. Kò so rí, kò sì ní so láéláé.

Ẹnìkan bi mí lọ́jọ́ náà pé, "Pròf, ṣé orógbó náà lè tán ni? Ṣebí ó kún ọjà." Ó wà lọ́jà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà lọ́jà, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń hù nínú igbó. Garcinia kola ni àwa onímọ̀ ewéko ń pè é. Láti 2004 ni àjọ IUCN, tí í máa ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu káàkiri ayé sílẹ̀, ti ka orógbó mọ́ wọn. Ní orílẹ̀-èdè Benin, nítòsí wa níbí, inú oko àti ẹ̀yìnkùlé lẹ ti lè rí i. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti kà á sí igi tó ti tán nínú igbó àdáyébá.

Kí ló ń pa á? Ohun mẹ́ta ni.

Àkọ́kọ́ ni àáké àti àdá. Wọ́n ń fi ẹ̀ka rẹ̀ ṣe pákò, wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ fún àgbo, wọ́n sì ń wú gbòǹgbò rẹ̀. Igi tí wọ́n bá bó èèpo rẹ̀ yíká ti kú nìyẹn, bó tilẹ̀ ṣì wà lóòró.

Èkejì, a gé ilé rẹ̀. Ẹ wo igbó Ọmọ. Ìjọba sọ ọ́ di igbó ọba ní 1925, UNESCO sì gbà á sí àwọn igbó ìpamọ́ ayé ní 1977. Síbẹ̀, wọ́n gé ọ̀pọ̀ igbó àdáyébá kúrò ní ìhà J4 láti gbin Gmelina, igi tó ti Éṣíà wá, kí wọ́n lè máa fi ṣe bébà ní Ìwópin. Ilé iṣẹ́ bébà náà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Igbó tí a gé ò sì padà.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí a kì í fẹ́ gbọ́: a fẹ́ràn orógbó jù. Bí èso rẹ̀ bá ti ń já bọ́ lásìkò òjò, gbogbo rẹ̀ là ń ṣà. Kóró tí a ń jẹ yẹn gan-an ni irúgbìn rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ mángòrò á ju kóró nù, ó sì lè hù. Ṣùgbọ́n orógbó tí a bá ti rún lẹ́nu, igi kan nìyẹn tí kò ní hù mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ìyá igi ńlá tí kò ní ọmọ kankan lábẹ́. Ìwádìí nípa ìwúlò rẹ̀ fún ẹ̀dọ̀, irú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu ṣe ní Nsukka kó tó di ẹni tó ń darí ìdìbò wa, tún dá kún iyì rẹ̀.

Ó dáa, kí la lè ṣe? Ẹ jẹ́ ká tò ó.

Ìṣirò ló kọ́kọ́ yẹ. Ká mọ igi mélòó ló kù láti Awa dé Òrù, dé Àgọ́-Ìwòyè, ká sì fi fóònù gba ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀. Ká mọ èyí tó jẹ́ akọ àti èyí tó jẹ́ abo, nítorí abo tí kò ní akọ nítòsí ò lè so dáadáa. Àsìkò òdòdó nìkan la lè mọ ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn náà, ká ṣa irúgbìn láti abẹ́ ọ̀pọ̀ ìyá igi, kì í ṣe ìyá kan. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọmọ ìyá kan, àrùn tó bá pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn.

Ẹ má ṣe sá irúgbìn yìí sóòrùn o. Àgbàdo ń gbẹ, a sì ń fi pamọ́. Orógbó tó bá gbẹ ti kú. Nítorí náà, a ò lè tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá tútù bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irúgbìn mìíràn ní NACGRAB, Moor Plantation, n'Íbàdàn. Igi tó dúró lóko ni báńkì rẹ̀. Bí oko bá tán, báńkì ti wó.

Ó tún máa ń sùn. Bí ẹ bá kàn rì í bó ṣe wà, ó lè lo oṣù mẹ́fà, ó sì lè lo ju ọdún kan lọ kó tó hù. Èmi tí mo fi ẹ̀kọ́ yìí kọ́ yín, mo rì méjìlá sínú ike lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, mo ní wọ́n ti jẹrà, mo bá dà wọ́n sí àkìtàn. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, méjì hù lórí àkìtàn. Ìyàwó mi ò tíì jẹ́ kí n gbàgbé. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n bó awọ pupa tó wà lára kóró, kí n rẹ ẹ́ sínú omi, kí n sì fi í sínú ọ̀rá pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi tó tutù díẹ̀, kí n so ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń jí i; ọ̀pọ̀ rẹ̀ á hù láàárín oṣù díẹ̀.

Bó bá hù, ẹ má gbìn ín sí gbangba. Abẹ́ ìbòòji ló ti ń dàgbà, nítorí náà oko kòkó àti obì bá a mu. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá kó tó so. Ẹni tó bá fẹ́ dín in kù lè gé ẹ̀ka abo igi tó ti ń so, kó lọ́ ọ mọ́ ìdí ọmọ igi kékeré. Ìyẹn á tún jẹ́ kó dá a lójú pé abo ló gbìn.

Ibi tó le jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewéko. Mo bá àgbà kan sọ̀rọ̀ pé kí ó jẹ́ kí àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un gbin orógbó. Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀, ọ̀la ni yóò ní òun ló nilẹ̀." Kò parọ́, ohun tó ti dá ẹjọ́ sílẹ̀ láàárín wa rí ni. Mo bá ní ká kọ ọ́ sílẹ̀, níwájú ẹlẹ́rìí, pé ẹbí ló nilẹ̀, pé ẹni tó gbin igi yóò máa gba ìpín nínú èso, àti pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gé e tàbí bó èèpo rẹ̀ yíká. Ó ní òun máa rò ó. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ránṣẹ́ pé kí n mú ìwé náà wá.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti yọrí? Kì í ṣe iye tí a gbìn. Ọjọ́ tí a bá rí ọmọ orógbó tó dá hù lábẹ́ ìyá rẹ̀, láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀, ọjọ́ náà ló tó yọrí. Ó ṣeé ṣe kí n má sí láyé nígbà náà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Bí ẹ bá mọ ibi tí igi orógbó kan wà lóko bàbá yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún ń ṣà á, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ìyá rẹ̀. Orógbó la fi ń wúre fún ọmọ pé kó gbó, kó tọ́. Ó yẹ kí igi náà gbó.