Katakata Tí Ń Lọ́ Ìrèké Gbìn: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìrèké ni a fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ẹ̀rọ tí katakata ń fà tí ó ń lọ́ ọmọ ìrèké gbìn. Ilẹ̀ Íńdíà ni àpẹẹrẹ wa ti wá.

Gbogbo wa la mọ̀ bí a ṣe ń gbin ìrèké: a ó gé e sí wẹ́wẹ́, a ó tẹ́ ẹ sínú poro, a ó sì bò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí à bá tà ni à ń rì mọ́lẹ̀ yẹn! Ní Íńdíà, nǹkan bí ègé olójú mẹ́ta 16,000 ni wọ́n ń lò lórí éékà kan. Ojú 48,000 nìyẹn. Ní ọdún 2009, ilé ìwádìí ICRISAT àti àjọ WWF gbé ìwé jáde pé ojú 5,000 tó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọn a yọ ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bíńtín lára igi rẹ̀, wọn a gbìn ín sínú àwo oníhò tí lẹ́búlẹ́bú èèpo àgbọn wà nínú rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ 25 sí 35, ó tó lọ́. Poro sí poro jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5, ọmọ ìrèké kan sí èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: 4,356 ni yóò wọ éékà kan. Ìyókù la ó fi dí àlàfo.

Àmọ́ ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbin gbogbo rẹ̀, nígbà tí alágbàṣe ò sí? Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti wọlé. Irin iwájú rẹ̀ ń la poro. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ń fi ọmọ ìrèké sínú páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀kẹ́ méjì ń ki iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Katakata kò gbọdọ̀ sáré o. Bí ọwọ́ àwọn tó jókòó kò bá bá a mu, àlàfo ló kù. Ìrèké kì í sì í ṣe àgbàdo: bí a bá gé e tán, ìdí rẹ̀ á tún rú lọ́dún tó ń bọ̀. Àlàfo ọjọ́ kan á di àdánù ọdún mélòó kan.

Ká má tan ara wa. Púpọ̀ nínú wa, inú àkùrọ̀ la ti ń gbin ìrèké, katakata á sì rì síbẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ tó tẹ́jú, tó gùn, tí a ti ro dáadáa, tí omi sì wà nítòsí láti bomi rin ín lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ní ilẹ̀ kékeré, kó má tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Àmọ̀ràn wa ni pé kí a kọ́kọ́ mú ti àwo oníhò. Èyí kò nílò katakata rárá. Ọwọ́ la lè fi lọ́ ọ, àkùrọ̀ ò sì dí i lọ́wọ́. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá ibi ìtọ́jú ọmọ ìrèké kan sílẹ̀, kí a pín in fún ara wa. Bí ọmọ ìrèké tó dọ́gba, tó lágbára, bá ti wà, tí ilẹ̀ wa sì pọ̀ tó, nígbà náà ni a lè jọ sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, kí a yá a tàbí kí a dáwó rà á. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.