Lámilámi Tí Ó Di Ọ̀ṣọ́ Iyebíye

Bí a bá dárúkọ ọ̀ṣọ́ olówó ńlá, wúrà àti dáyámọ́ńdì ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lọ sí. A máa ń rò pé bí òkúta bá ti tóbi tó ni ọ̀ṣọ́ náà ṣe níye lórí tó. Ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin ará ilẹ̀ Faransé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

René Lalique ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1860 ni wọ́n bí i ní Ay, ìlú kékeré tí wọ́n ti ń gbin àjàrà. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú: láti ìgbà èwe ni ó ti fẹ́ràn àwòrán yíyà, tí ó sì máa ń tẹjú mọ́ òdòdó, ewé àti kòkòrò. Ní 1876, baba rẹ̀ kú. Ọmọ ọdún 16 yìí lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Louis Aucoc, alágbẹ̀dẹ wúrà ní Paris. Lẹ́yìn náà, ó kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń ya àwòrán ọ̀ṣọ́ fún àwọn ẹlòmíràn títí ó fi ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní 1885.

Kí ni ó wá ṣe tí ó mú un yàtọ̀? Ìwo ẹran, ohun tí àwa ń jù sí ààtàn, ni ó ń gbẹ́ di òòyà irun tí ó dà bí ewé àti òdòdó. Ó tún ń lọ gíláàsì aláwọ̀ kúnná, a rọ ìyẹ̀fun rẹ̀ sí àárín okùn wúrà tín-ín-rín, a sì fi iná yọ́ ọ. Kò sí irin kankan lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gba ìyẹ́ kòkòrò kọjá. Iṣẹ́ sùúrù ni: bí iná bá pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́.

Báyìí ni ó ṣe ìyẹ́ lámilámi rẹ̀ tí ó lókìkí, láàárín 1897 sí 1898. Ọ̀ṣọ́ àyà ni, ó fẹ̀ ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 25 lọ. Láti ẹnu kòkòrò náà ni orí àti àyà obìnrin kan ti yọ jáde. Dáyámọ́ńdì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ ni wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ ni ojú ń wò. Calouste Gulbenkian, ọlọ́rọ̀ tí òwò epo rọ̀bì sọ di olówó, tí ó lè ra òkúta èyíkéyìí tí ó bá wù ú, ni ó ra ọ̀ṣọ́ náà. Ó wà ní ilé ìṣúra rẹ̀ ní Lisbon, ní ilẹ̀ Portugal, títí di òní.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá jókòó ti labalábá, tí ó ń ya á sí ẹ̀yìn ìwé, ẹ má ṣe yára nà án. Ẹ béèrè ohun tí ó rí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, ẹ má ṣe sọ pé àìsí wúrà ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ yín dára.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra ìgbéyàwó, kí a má ṣe tọrùn bọ gbèsè nítorí òkúta dídán. Ẹ wo ọwọ́ tí ó ṣe ọ̀ṣọ́ náà. Ìwo àti gíláàsì kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n. Ojú tí ó rí ẹwà lára lámilámi ni ó sọ wọ́n di iyebíye.