Kí ló so 'rántí' pọ̀ mọ́ idẹ ní èdè Ẹ̀dó?

Ní ilẹ̀ Bìní, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí 'rántí' ni sa-e-y-ama. Bí a bá tú u wò, ohun tó ń sọ gan-an ni kí a yọ́ idẹ, kí a dà á di àwòrán.

Àwọn Igun Eronmwon, alágbẹ̀dẹ idẹ Ọba, ló ni iṣẹ́ yìí. Wọn a fi ìda mọ àwòrán, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a fi iná yọ́ ìda náà dànù, kí wọ́n tó da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Ọba, ogun, àní àwọn oníṣòwò Potogí pàápàá, wà lára idẹ ààfin.

Kì í wá ṣe ọ̀ṣọ́ lásán ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní ọdún 1897. Jámánì dá díẹ̀ padà ní 2022. Iṣẹ́ ọnà Bìní tó lé ní 900 ṣì wà ní British Museum ní London.