Ta Ló Ń Ka Ímeèlì Yín Lójú Ọ̀nà?

Ṣé ẹ ti fún dẹ́rẹ́bà ní lẹ́tà rí ní gáréèjì? Ẹ kọ nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á sí i lára, ẹ fún dẹ́rẹ́bà lówó díẹ̀, ó di Ìlọrin. Bí ẹ ò bá lẹ lẹ́tà yẹn pa, dẹ́rẹ́bà lè kà á, ẹni tó jókòó síwájú mọ́tò náà lè kà á. Bẹ́ẹ̀ ni ímeèlì ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí lọ́dún tó kọjá. Ní láàbù wa, a máa ń fi èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn dókítà tá a jọ ń ṣèwádìí. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá mi ní, "Ìwọ tó o mọ kọ̀ǹpútà, ṣé ó dá ẹ lójú pé ẹlòmíì ò lè rí jẹ́nótáìpù àwọn ọmọ ọlọ́mọ yìí?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó, mà." Mo wò ó, ẹ̀rù bà mí.

Nígbà tí Jon Postel kọ ìlànà SMTP lọ́dún 1982, èyí tí ímeèlì ṣì ń bá rìn títí dòní, kò fi ààbò kankan sí i. Ọdún 1999 ni STARTTLS ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: sáfà méjì á kọ́kọ́ kí ara wọn, èyí tó fẹ́ gba lẹ́tà á ní òun mọ STARTTLS, wọ́n á wá bo ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí olè tó wà láàárín bá yọ gbólóhùn yẹn kúrò, ọ̀pọ̀ sáfà á kàn fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ní gbangba. Yàtọ̀ síyẹn, ojú ọ̀nà nìkan ló ń ṣọ́. Sáfà kọ̀ọ̀kan tí lẹ́tà bá yà sí lè tú u wò.

Àwọn baba wa ti rí irú ìṣòro yìí. Ẹni tó bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ṣe àròkò ránṣẹ́, ohun tó ń sọ ni pé ọkàn òun fà sí ẹni tó máa gbà á. Ẹni tá a rán lè máà mọ̀ ju owó ẹyọ lọ. Iṣẹ́ encryption nìyẹn: ọ̀rọ̀ á di àmì tí ẹni tó gbé e ò lè tú. Nínú PGP, tí Phil Zimmermann gbé jáde lọ́dún 1991, kọ́kọ́rọ́ méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ọ̀kan wà fún gbogbo ayé láti fi tì í, ìkejì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín láti fi ṣí i.

Àwọn ọ̀gá wa ò ní ráyè kọ́ PGP. Torí náà, mo gbé sáfà encryption kan kalẹ̀ tó máa bá wọn ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́, mo sọ fún sáfà ímeèlì wa pé lẹ́tà tí àkòrí rẹ̀ bá ní [ÀṢÍRÍ], ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ darí ẹ̀ sí. Ìkejì, mo sọ TLS di dandan láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ ṣọ́ra níbí o: nínú Postfix, "encrypt" máa fi dandan lé TLS, ṣùgbọ́n kò ní yẹ ìwé ẹ̀rí sáfà kejì wò. "Secure" ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìkẹta, sáfà encryption ò gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹlòmíì àyàfi àdírẹ́sì IP tiwa.

Mo tẹ ẹ́, mo ń dúró. Lẹ́tà ò dé! Sáfà encryption ti tì í, ó dá a padà fún sáfà wa kó fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n àkòrí ẹ̀ ṣì ní [ÀṢÍRÍ], ni sáfà wa bá tún dá a padà. Wọ́n ń jù ú síra wọn bíi bọ́ọ̀lù. Sáfà kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ìlà "Received" sára lẹ́tà. Nígbà tí iye ìlà yẹn ju 50 lọ, Postfix sú, ó dá a padà fún mi.

Mo wá ní kí sáfà encryption máa fi àmì sára ohun tó bá ti tì, kí tiwa má dá alámì padà. Àbí ó ti parí? Rárá. Ẹnikẹ́ni lè fi irú àmì yẹn sára lẹ́tà tí wọn ò tì. Nítorí náà, bí kì í bá ṣe IP sáfà encryption ló ti wá, a máa ń yọ àmì náà dànù.

Ó ku nǹkan kan. PGP báyìí kì í bo àkòrí lẹ́tà, nítorí náà a kì í kọ orúkọ aláìsàn síbẹ̀. Mo sì sọ fún ọ̀gá mi láìfi bò pé sáfà ímeèlì tiwa gan-an ṣì ń rí lẹ́tà kí wọ́n tó tì í. Àwa la gbọ́dọ̀ ṣọ́ ìyẹn.

Ẹ̀yin náà, ẹ ṣí ímeèlì kan nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ "Show original", kẹ́ ẹ wá àwọn ìlà "Received". Bẹ́ ẹ bá rí ESMTPS, wọ́n bo lẹ́tà yẹn ní ìrìn ibẹ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ ESMTP lásán, tí ẹ ò sì rí TLS nínú ìlà náà, ẹ rántí lẹ́tà tí wọn ò lẹ̀ pa lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà.