Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀: Bí ẹni tó ń ta aago ní Ìmọ̀tà ṣe lè fi fóònù ya àwòrán tó mọ́, tí kò sì parọ́

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ ra aago ọwọ́ gbọ́dọ̀ dé ìsọ̀ ẹni tó ń tà á. Yóò gbé aago náà lé àtẹ́lẹwọ́, yóò gbé e sétí kó lè gbọ́ bóyá ó ń dún, yóò yí i síwá sẹ́yìn, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Nǹkan ti yí padà báyìí. Aago lè wà ní Ìmọ̀tà, kí ẹni tí yóò rà á wà ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìkẹjà tàbí ní Ìbàdàn, kí àwọn méjèèjì má sì fojú kan ara wọn títí owó yóò fi kúrò ní báńkì kan bọ́ sí òmíràn. WhatsApp, Facebook àti Instagram ti di ọjà ńlá. Ohun tó sì ń ṣojú aago níwájú oníbàárà nínú ọjà náà ni àwòrán. Àwòrán ló ń rìnrìn àjò, aago jókòó sílé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú Ìmọ̀tà gbọ̀ngbọ̀n. Orúkọ ìlú náà ròkè káàkiri Nàìjíríà nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó síbẹ̀ ní ọjọ́ 23, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ kó lè máa ṣe 32 tọ́ọ̀nù láàárín wákàtí kan. Ẹni tó ń ta ìrẹsì lè bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún oníbàárà kó fojú ara rẹ̀ wò ó, kó sì fi eyín tọ́ ọ wò. Ẹni tó ń ta aago kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ bí oníbàárà rẹ̀ bá wà lọ́nà jíjìn. Láti Ìdúmọ̀tà ní Erékùṣù Èkó dé Ìmọ̀tà, pẹ̀lú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ìrìn àjò náà kì í ṣe kékeré. Ta ni yóò rìn ín nítorí aago tí àwòrán rẹ̀ ṣú bàìbàì?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí àpẹẹrẹ, bàbá kan lè kú, kó fi aago àtijọ́ kan sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ wáìǹdì, tí kò lo bátìrì. Owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ lè mú kí àwọn mọ̀lẹ́bí fẹ́ tà á. Bí wọ́n bá gbé e sórí ibùsùn lálẹ́, tí wọ́n yà á pẹ̀lú iná fíláàṣì tó tàn bo ojú aago, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò sì ṣeé kà, iye tí wọ́n ń dá lé aago bọ̀sẹ̀kọ́bọ̀ ni oníbàárà yóò dá lé e. Ogún ìdílé á wá lọ ní ọ̀pọ̀. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, bí ẹlòmíràn bá fi ẹ̀rọ pa gbogbo ibi tí aago rẹ̀ ti họ rẹ́ nínú àwòrán, ọjọ́ tí aago náà bá dé ọwọ́ ẹni tó rà á ni ìjà yóò bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni àwòrán aago ní láti ṣe: kó fi ẹwà aago hàn, kó sì fi àlébù rẹ̀ hàn. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó o ṣe.

Kí fóònù sún sẹ́yìn

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé, nítorí aago kéré, ayàwòrán á gbé fóònù sún mọ́ ọn títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn bá gbé ìwé ìròyìn mọ́ imú, kò lè kà á. Ojú fẹ́ àyè díẹ̀. Bákan náà ni lẹ́ǹsì fóònù. Kámẹ́rà àgbà ara ọ̀pọ̀ fóònù kò lè ríran kedere bí ohun tí wọ́n ń yà kò bá jìnnà sí i tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, àwọn fóònù olówó ńlá mìíràn tilẹ̀ ń fẹ́ tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àléébù kejì tún wà níbẹ̀: ohun tó bá sún mọ́ lẹ́ǹsì jù a máa wú. Aago roboto á wá dà bí ẹyin.

Ohun tó yẹ ni kí fóònù wà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sí aago náà, èyí tí kò ju gígùn rúlà ọmọ ilé-ìwé lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ayàwòrán fi súùmù fà á mọ́ra ní ìlọ́po méjì, tàbí kó yà á bẹ́ẹ̀, kó sì gé etí àwòrán náà kúrò nígbẹ̀yìn. Kò sí pé àwòrán yóò bàjẹ́. Àwòrán mẹ́gápíkísẹ́lì 12 ní àmì 4,000 ní gígùn, ó sì ní 3,000 ní ìbú. Bí wọ́n bá gé gígùn àti ìbú rẹ̀ sí ìdajì, àmì mílíọ̀nù 3 ló ṣì kù, ìyẹn sì tó láti fi àwòrán náà hàn dáadáa lójú fóònù.

Àwọn fóònù kan ní kámẹ́rà tí wọ́n ṣe fún ohun kékeré. iPhone 13 Pro tó jáde ní 2021 lè ya ohun tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 péré sí i. Àwọn fóònù kan tí owó wọn kò tó bẹ́ẹ̀ náà ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́gápíkísẹ́lì 2 lásán ló wà nínú púpọ̀ lára wọn, àwòrán tí kámẹ́rà àgbà bá yà tí wọ́n sì gé a máa dára ju tiwọn lọ. Ọgbọ́n kan sì wà tí kò ná ènìyàn ní owó púpọ̀: gíláàsì asọ-ohun-di-ńlá tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi há ojú. Bí wọ́n bá gbé e siwájú lẹ́ǹsì fóònù rọra, kódà eyín kékeré inú ẹ̀rọ aago á ṣeé kà.

Ìmọ́lẹ̀ ju fóònù lọ

Ẹni tó ní fóònù àtijọ́ lẹ́bàá fèrèsé lè ya àwòrán ju ẹni tó ní fóònù tuntun nínú yàrá tó ṣókùnkùn lọ. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́, ní ibòji ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ló dára jù. Oòrùn ọ̀sán gangan le jù: ó ń sọ irin aago di iná, ó sì ń sọ ibi tí òjìji wà di èédú. Bí oòrùn bá ń wọlé tààrà, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ta sójú fèrèsé yóò sọ ọ́ di tútù. Kí wọ́n wá gbé páálí funfun sí òdìkejì aago, kó lè máa ta ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tó ṣókùnkùn.

Iná fíláàṣì kò yẹ aago rárá, torí ojú gíláàsì àti irin ni yóò ti tàn padà. Kò sì dára kí wọ́n da ìmọ́lẹ̀ fèrèsé pọ̀ mọ́ ti gílóòbù pupa rúsúrúsú, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan aago á funfun, ẹ̀gbẹ́ kejì á pọ́n. Kí wọ́n pa iná yàrá.

Kó tó kan yíyà, kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń nu awò ojú, nu aago náà àti lẹ́ǹsì fóònù. Lẹ́ǹsì tí òróró ìka ti bò ló ń mú kí àwòrán dà bíi pé èéfín wà nínú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku tí ojú lásán kò rí ni kámẹ́rà yóò rí. Kí wọ́n má ṣe fi omi fọ aago àtijọ́. Rọ́bà tó ń dènà omi nínú rẹ̀ lè ti gbó.

Gíláàsì aago, dígí ni

Ohun tó ń dààmú ayàwòrán jù ni pé gíláàsì aago ń ṣe bíi dígí. Òrùlé, fèrèsé, fóònù, àti ojú ayàwòrán fúnra rẹ̀ lè hàn nínú rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ rọrùn. Kí ẹni náà gbé ojú sí ibi tí lẹ́ǹsì yóò wà, kó wo gíláàsì náà. Ohunkóhun tó bá rí níbẹ̀ ni yóò hàn nínú àwòrán. Kó wá tẹ aago náà díẹ̀díẹ̀ títí ohun dúdú nìkan yóò fi kojú sí i. Bí òkè gan-an ni ó fẹ́ ti yà á, kó dá ihò tó gba lẹ́ǹsì sí àárín páálí dúdú, kó sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ yà á. Aṣọ dúdú lọ́rùn ayàwòrán náà ń ran ni lọ́wọ́.

Kí aago wà lórí ohun tí kò ní àwọ̀ púpọ̀: pákó, páálí, tàbí aṣọ aláwọ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó wo iṣẹ́ J.D. 'Okhai Ojeikere, ìlúmọ̀ọ́ká ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní 1930, tó sì kú ní 2014. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àti irun kíkó àwọn obìnrin, àwòrán rẹ̀ sì lé ní 1,000. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, láìsí òdòdó, láìsí ọ̀ṣọ́ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó fi jẹ́ pé ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka irun náà ní kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ènìyàn wò ló gba gbogbo àyè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló yẹ kí ó rí fún aago.

Ọwọ́ aago náà ní ètò tirẹ̀. Àwọn tó ń polówó aago káàkiri àgbáyé sábà máa ń fi í sí aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìdí ni pé, lábẹ́ nọ́ńbà 12 ni orúkọ ilé-iṣẹ́ sábà máa ń wà. Bí ọwọ́ méjèèjì bá là sọ́tùn-ún sósì, orúkọ náà á hàn gbangba. Nínú ọ̀pọ̀ aago, bí wọ́n bá fa kókó kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá yóò dúró.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tò, kí wọ́n fi fóònù ti ìdì ìwé tàbí ife, kí wọ́n fi ìka tẹ orúkọ tó wà lójú aago kí kámẹ́rà lè mọ ibi tí yóò wò, kí wọ́n dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀ bí irin bá ń tàn jù, kí wọ́n sì jẹ́ kí fóònù fúnra rẹ̀ ka ìṣẹ́jú-àáyá 3 kó tó yà á. Ọwọ́ tó gbọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tó ń tẹ bọ́tìnnì tó láti ba àwòrán ohun kékeré jẹ́.

Àtúnṣe tó tọ́

Snapseed, tó jẹ́ ti Google, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èlò tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe lórí fóònù, wọn kì í sì í gba owó rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ gé etí àwòrán, kí wọ́n sì mú un dúró ṣánṣán kí nọ́ńbà 12 wà lókè gan-an. Lẹ́yìn èyí ló kan àwọ̀. Bí páálí funfun bá wà nínú àwòrán, òun ni ẹlẹ́rìí: bí ó bá pọ́n tàbí tó ń ṣe bí aró, kí wọ́n tún àwọ̀ ṣe títí yóò fi funfun padà. Góòlù á wá jẹ́ góòlù, fàdákà á jẹ́ fàdákà. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún ibi tó ṣókùnkùn, kí wọ́n sì mú etí nọ́ńbà mú díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Bí ó bá pọ̀ jù, ojú aago á dà bíi pé wọ́n fi abẹ fín in.

Ibi tí ààlà wà nìyí: eruku tí wọ́n lè fi aṣọ nù kúrò lára aago, wọ́n lè nù ún kúrò lára àwòrán náà. Ṣùgbọ́n ibi tó họ, ibi tí góòlù ti bó, omi tó ti wọ abẹ́ gíláàsì, ara aago ni ìwọ̀nyí. Ẹni tó bá pa wọ́n rẹ́ kò tún àwòrán ṣe mọ́, irọ́ ló pa. Ìdẹwò náà sì pọ̀ lóde òní, nítorí àwọn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá lè sọ aago ogójì ọdún di tuntun láàárín ìṣẹ́jú kan. Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà kò fàyè gba kí oníṣòwò fi ohun tí kì í ṣe òótọ́ nípa ọjà rẹ̀ tan oníbàárà.

Oníṣòwò tó mọ iṣẹ́ á fi àwòrán bíi márùn-ún ránṣẹ́: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, okùn tàbí ṣéènì rẹ̀, àti ibi tó họ gan-an. Á kọ ọjọ́ òní sórí ìwé pélébé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí oníbàárà lè mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni aago náà wà, pé kì í ṣe àwòrán tí wọ́n jí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Á tún rántí pé WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀ kó tó gbé e lọ. Láti 2023 ni àyè ti wà láti yan èyí tó mọ́ jù, ìyẹn HD. Kò sì ní gbàgbé pé fóònù lè kọ ibi tí wọ́n ti ya àwòrán sínú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Kó pa ètò tó ń sọ ibi tí kámẹ́rà wà, kí olè má baà mọ ilé tí aago olówó iyebíye wà.

Lóòótọ́, àwọn kan lè sọ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n aago kan ṣoṣo ni èké lè tà. Oníbàárà tó rí ibi tó họ nínú àwòrán, tó sì tún bá a bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ tí aago dé ọwọ́ rẹ̀, ni yóò padà wá ra èkejì, tí yóò sì sọ fún ará ilé rẹ̀ pé ẹnì kan wà ní Ìmọ̀tà tí ọjà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí àwòrán rẹ̀.