Bàálù ni wọ́n wá wò, ará ìlú ló ń pawó: Ọjà ọ̀sẹ̀ kan péré nílùú Oshkosh

Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Oshkosh lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi 66,000 lọ, àwọn àdúgbò kan wà l'Ékòó tí èrò ibẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àmọ́ tó bá ti di ìparí oṣù keje ọdún, ọ̀rọ̀ á yí padà. Lọ́dún 2025, iye èrò tí wọ́n kà láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré tó 704,000, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí iye náà máa kọjá 700,000. Bàálù tó balẹ̀ síbẹ̀ àti sí àwọn pápákọ̀ òfurufú tó wà nítòsí lé ní 10,000.

EAA AirVenture ni wọ́n ń pe ayẹyẹ tó ń kó gbogbo wọn wá. Bàálù ń tàkìtì lójú ọ̀run lọ́sàn-án lójoojúmọ́, wọ́n sì tún máa ń ṣe é lálẹ́ nígbà méjì láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ló ń fa èrò. Àwọn tó ni bàálù kéékèèké ló ń wà á wá fúnra wọn, bí ẹni gbé mọ́tò lọ sóde ìnáwó. Paul Poberezny ló dá ẹgbẹ́ tó ń ṣètò rẹ̀ sílẹ̀ nílùú Milwaukee ní 1953, fún àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn to bàálù. Yàrá abẹ́ ilé wọn ni òun àti Audrey ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà níbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ pé jọ yẹn, àwọn tó wá kò tó 200. Wọ́n ṣí láti ibì kan sí ibòmíràn kí wọ́n tó wá fìdí kalẹ̀ sí Oshkosh ní 1970.

Ẹni tó bá ń wa bàálù lọ síbẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́, àyà rẹ̀ lè já díẹ̀. Láti ìlú Ripon ni àwọn bàálù kéékèèké ti ń tò tẹ̀léra wọn bí èèrà, tí wọ́n á máa tẹ̀lé ojú irin rélùwéè títí dé abúlé kan tó ń jẹ́ Fisk. Kì í ṣe ẹ̀rọ aláràbarà kan ló ń dúró dè wọ́n ní Fisk o. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń darí bàálù ló dúró sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń wòkè. Wọn kì í béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Irú bàálù tí awakọ̀ ń wà àti àwọ̀ tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, wọ́n á sì ní kó mi apá bàálù rẹ̀ tó bá ti gbọ́. Kò gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ padà, nítorí bí gbogbo wọn bá ń fèsì, ariwo á bo ètò mọ́lẹ̀. Tó bá dé pápákọ̀ Wittman, àwọn àmì róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi ló máa bá lójú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí. Wọ́n lè ní kó balẹ̀ sórí ọ̀kan, kí ẹlòmíràn sì máa balẹ̀ sórí èkejì lójú ọ̀nà kan náà, lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wá òtẹ́ẹ̀lì. Abẹ́ apá bàálù wọn ni wọ́n ń pàgọ́ sí, lórí koríko, tí wọ́n á máa sùn níbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Àwọn tó gbé mọ́tò wá náà ní pápá tiwọn, Camp Scholler lorúkọ rẹ̀. Ibi tó yẹ kí oníṣòwò ti lajú sílẹ̀ nìyí. Bàálù kékeré kì í gba ẹrù púpọ̀, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń kó nǹkan sínú rẹ̀. Ohun tí awakọ̀ ò bá lè gbé wá, níbẹ̀ ló ti máa rà á: oúnjẹ, omi, yìnyín, epo ìpara tí oòrùn kò fi ní jó o lára, ẹ̀wù òjò. Ẹni tó ń ta nǹkan wọ̀nyí kò nílò kó mọ bí ẹ́ńjìnnì bàálù ṣe ń ṣiṣẹ́.

Yunifásítì Wisconsin tó wà ní Oshkosh ti ṣírò owó tí ọ̀sẹ̀ yẹn ń mú wọ agbègbè márùn-ún tó yí ibẹ̀ ká. Lọ́dún 2017, mílíọ̀nù 170 dọ́là ni wọ́n kà. Nígbà tí wọ́n tún un kà ní 2023, ó ti di mílíọ̀nù 257 dọ́là. Owó yìí kò wọ àpò ẹgbẹ́ EAA nìkan. Ọ̀pọ̀ onílé ló ń fi yàrá rẹ́ǹtì fún àlejò lọ́sẹ̀ náà, Yunifásítì yẹn pàápàá sì ń gba àlejò sí ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, nítorí ìgbà ìsinmi ni. Wọn kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ọmọ tí kò ju ọdún 18 lọ, èyí tó jẹ́ ọgbọ́n òwò, nítorí kò sọ́mọ tó máa dá wá láìsí òbí tó máa sanwó.

Nínú ọgbà náà, àwọn tó ń pàtẹ ọjà lé ní 800, láti orí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń ṣe bàálù dórí àwọn tó ní ìsọ̀ kékeré níbi tí wọ́n ń pè ní Fly Market.

Ìtàn Alan àti Dale Klapmeier ló yẹ kí oníṣòwò kékeré mọ̀ jù níbẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, inú abà àwọn òbí wọn ní Baraboo, ní Wisconsin yìí kan náà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ Cirrus ní 1984. Ní 1987, wọ́n gbé bàálù wọn àkọ́kọ́, VK-30, wá síbi àfihàn yìí. Ẹni tó bá rà á ló máa to ó fúnra rẹ̀. Ọjà náà kò tà tó bí wọ́n ṣe rò. Wọn ò jókòó tì í, bàálù tí wọ́n máa tò pátá kí oníbàárà tó gbà á ni wọ́n kọjú sí. Ìgbà tó di 1998 kí ìjọba tó fọwọ́ sí SR20, bàálù tó ní páráṣúùtù tó lè gbé gbogbo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bí ewu bá dé. Ọdún 14 gbáko nìyẹn láti inú abà. SR22 tó tẹ̀lé e ni Ademilola Odujinrin, ọmọ Nàìjíríà, fi dá nìkan yí ayé po, tó sì parí rẹ̀ ní 2017. Àwọn ará Ṣáínà ló ra iléeṣẹ́ náà ní 2011.

Ṣùgbọ́n ọjà ọlọ́sẹ̀ kan ní ewu tirẹ̀. Lọ́dún 2010, òjò ńlá rọ̀ kí ayẹyẹ náà tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo pápá sì di ẹrẹ̀. Koríko ni bàálù ń dúró sí, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé e sínú ẹrẹ̀. Wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ awakọ̀ lọ dúró ní àwọn pápákọ̀ mìíràn nítòsí. Ẹni tó ti ra búrẹ́dì àti ẹran sílẹ̀ de èrò, tí èrò náà wá ń dúró sílùú ẹlòmíràn, ó mọ ohun tójú rẹ̀ máa rí. Àìsàn kòrónà tún wá ní 2020, wọ́n sì fagi lé e pátápátá. Wọ́n ti kéde rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, nítorí náà ẹni tí kò tíì rajà ríbi sá sí. Onílé ni kò rí ibì kankan sá sí, nítorí ẹrù tí kò tà ṣeé gbé pamọ́, ṣùgbọ́n yàrá tó ṣófo ní ọ̀sẹ̀ yẹn, owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ní 2021 tí wọ́n padà ṣe é, èrò tí wọ́n kà tó 608,000.