Orí Ejò Daura àti Ahọ́n Dírágónì

Ọmọ Yorùbá tí ó bá dàgbà ní Dilimi, ní ìlú Jos, èdè Hausa ni yóò máa fi ná ọjà, kì í sì í pẹ́ kí ó tó gbọ́ ìtàn Bayajidda. Ọmọ ọba yìí, tí a sọ pé Bagidadi ni ó ti wá, dé Daura lóru, ó wọ̀ sí ilé arúgbó kan, ó sì béèrè omi. Omi kò sí. Ejò ńlá kan wà nínú kànga Kusugu tí kì í jẹ́ kí ará ìlú pọnmi àfi lọ́jọ́ Jímọ̀. Àlejò gbé korobá, ó lọ. Bí ejò ti yọrí, ó bẹ́ ẹ lórí, ó sọ orí náà sínú àpò, ó sì padà lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn kan ń pariwo pé àwọn ni àwọn pa á. Ọbabìnrin Daurama ní kí wọ́n mú orí ejò wá. Bayajidda nìkan ni ó rí i mú wá. Ìdajì ìlú ni ọbabìnrin fi lọ̀ ọ́. Ó ní rárá, Daurama gan-an ni òun fẹ́ fi ṣe aya.

Irú ìtàn yìí wà lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pẹ̀lú. Nínú ewì Sir Tristrem, tí ó wà nínú ìwé àfọwọ́kọ kan tí a kọ ní nǹkan bí 1330 sí 1340, Tristrem pa dírágónì ní Ireland, ó sì gé ahọ́n rẹ̀ pa mọ́. Oró ahọ́n náà dá a dùbúlẹ̀. Ni ìríjú ọba bá gbé orí ẹranko náà, ó ní kí a fún òun ní ọmọ ọba. Ahọ́n ni ó tú u láṣìírí.

Ṣùgbọ́n Tristrem kò wá aya fún ara rẹ̀. Arákùnrin ìyá rẹ̀, Ọba Mark, ni ó rán an. Nínú ọkọ̀ ojú omi, òun àti ìyàwó fi àṣìṣe mu oògùn ìfẹ́ tí a sè fún ìyàwó àti ọba. Àgbà Yorùbá yóò kọ́kọ́ béèrè pé ta ni a fi ṣọ́ ìgò náà.

Ìtàn Daura kò parí síbi ìgbéyàwó. Ìran Bayajidda ni ó tẹ Hausa Bakwai dó, ìlú méje tí Gobir wà lára wọn. Àwọn méje mìíràn ni a pè ní Banza Bakwai, èyí tí kì í ṣe ojúlówó, a sì ka Yorùbá mọ́ wọn. Ọmọ Dilimi tí ó bá gbọ́ èyí lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Níbẹ̀, ọba Gogobiri, ní ilẹ̀ Hausa, àti Odùduwà, ìran Lámúrúdu kan náà ni wọ́n. Nínú ẹjọ́ yìí, kò sí ẹni tí orí ejò wà nínú àpò rẹ̀.